Ẹkún Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí àwọn tó ń wá kí mi nílé rò pé ìbànújẹ́ nìkan ló ń ṣe mí. Wọn a jókòó, wọn a mirí, wọn a ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òwe tí a fi ń kí ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń kí opó! Èmi a ní àmín, èmi a sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, nítorí wọ́n tọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, n ó ta àga tí wọ́n jókòó sí nípàá. Oṣù méje rèé tí ọkọ mi kú nínú kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Láfẹ́nwá. Mo ń pariwo kí ayé gbà mí, àwọn aládùúgbò mi sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ kò ṣì í kà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọn kò kórìíra mi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìkà. Ẹnì kan ló kọ́ mi bí mo ṣe lè sunkún tí ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí eré, èmi náà sì kọ́ ọ yanjú. Ọ̀rọ̀ ẹni náà, àti ọ̀rọ̀ èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rere, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Tísà àwọn ọmọ kéékèèké ni mí. Ilé ìgbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ka Bíbélì fún wa ní àárọ̀ àti ní alẹ́, mo sì rò pé mo gbọ́n. Àkànní ni oríkì ọkọ mi, òun náà sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ọmọ Odẹ̀dá ni, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí rélùwéè. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, àní bó bá ń jẹun pàápàá. Ọdún mẹ́rin ni a ti fẹ́ra, Ọlọ́run kò tíì fún wa lọ́mọ, kò sì bi mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí ló dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn lára rẹ̀ jù, èyí ni n ó sọ.

Ìjọ wa máa ń ṣe eré inú Bíbélì ní ọjọ́ kejì Àjíǹde. Láti kékeré mi, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ́ni ní eré náà, bàbá arúgbó tó ń tẹ dùùrù, tí àwa ọmọdé sọ ní Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń fa ilà sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn: ibi tí ọba yóò dúró sí, ibi tí wòlíì yóò gbà yọ, ibi tí opó yóò kúnlẹ̀ sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yà kúrò lórí ilà, rúlà rẹ̀ á bá ọ ní kókósẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní ìwọ̀n lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á wá sí àyà. Bí o bá fẹ́ bínú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò gòkè, kò sì gbọdọ̀ kọjá etí. Bí o bá fẹ́ sunkún, wàá káwọ́ lérí, wàá ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí ẹkún tó jáde. Ẹkún náà tún ní ohùn orin tirẹ̀, ohùn mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó fi dùùrù kọ́ wa. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹkún Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá na àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí àwọn ìyá wa lọ jókòó síwájú ààfin nítorí owó orí, ọkùnrin kan dé sí ìjọ wa. Ó ti bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Bọ́mà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣeré fún àwọn sójà kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Tísà Bọ́mà ni a ń pè é. Ó ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, tó ní olùkọ́ eré kan ní ilẹ̀ òtútù ló kọ ọ́, pé ọ̀dọ̀ ẹni náà ni àwọn òṣèré ńláńlá òkè òkun ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó rí nínú ìwé náà ni pé òṣèré kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tó ń sunkún, ó gbọ́dọ̀ sunkún ni. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ayé ara rẹ̀ lọ, kí ó wá ibi tó ń dùn ún, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń tẹ oówo. Ìjọ ní kí àwọn méjèèjì jọ máa kọ́ wa, Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tísà Bọ́mà ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé àgbò méjì lè mu omi nínú koto kan? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá ń lu rúlà mọ́ tábìlì, ó ń ka ẹkún fún wa, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó yá!" Tísà Bọ́mà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹkún náà fẹ́ lọ sójú ogun ni, tí ẹ fi ń kà á bí ẹni ń ka sójà?"

Bàbá kò gbójú sókè. "Bí n kò bá kà á," ó ní, "ta ni yóò sọ fún un pé ó tó?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kì í sì í ṣe Tísà Bọ́mà ni a fi rẹ́rìn-ín.

Kí oṣù náà tó parí, àwọn àgbà ìjọ ti kó eré lé ọkùnrin Bọ́mà lọ́wọ́. Wọ́n ní ayé ti yí padà. Ipa opó tí wòlíì fi ìkòkò òróró kan ràn lọ́wọ́ ni wọ́n fún mi. Lákọ̀ọ́kọ́ tí mo sunkún níwájú ọ̀gá mi tuntun, ẹkún Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ló jáde lẹ́nu mi, ó sì di etí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tísà, ta ni ẹ fẹ́ràn jù láyé yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ pa á."

Mo fò dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. "Nínú ọkàn ni mo wí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ fi aṣọ bò ó lójú. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa pè, ẹ má pe orúkọ inú Bíbélì kankan. Lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, títí ẹkún yóò fi máa dá wá fúnra rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọkọ mi lójoojúmọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti tilé ẹ̀kọ́ dé, n ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, n ó di ojú, n ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ògiri kékeré kan ló wà láàárín wa àti àwọn aláró, obìnrin mẹ́ta tó ń pa aṣọ láró. Ìyá Rábì ni ọ̀gá wọn, obìnrin mùsùlùmí ẹlẹ́nu dídùn. Láti ìdí ìkòkò aró rẹ̀ dé ẹnu kànga wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ké, gèlè bọ́ lórí rẹ̀ bó ṣe ń sáré, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ wọ ilé mi. "Kí ló dé? Kí ló ṣe Àkànní?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó bú mi, ó bú Tísà Bọ́mà, ó bú ẹni tó wa ọkọ̀ tó gbé e ti Bọ́mà dé. Lọ́jọ́ kejì, ó rìn wá. Lọ́jọ́ kẹta, orí ògiri ló ti yọjú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbé àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ ògiri bí aago mẹ́rin bá ti fẹ́ lù. Wọn a ní, "Ti àná gún mi lọ́kàn ju tòní lọ." Wọn a ní, "Ìyàwó wa, ibi tí o ti ní ta ni kí o máa bu omi sí ọwọ́ fún, tún ibẹ̀ sọ!" Èmi náà a tún un sọ. Ṣé ẹ gbọ́? Èmi náà a tún un sọ, inú mi a sì dùn!

Ọkọ mi fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń ké láti ojúde pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ ti sin mí?" Ìyá Rábì a dá a lóhùn lẹ́yìn ògiri pé, "A ti sin ọ́, Àkànní, a tilẹ̀ ti jẹ sààráà rẹ. Ẹran rẹ̀ le díẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá kí wa láti Odẹ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, a kì í sunkún ẹni tó wà láàyè. Kí ni ò ń pè?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni." Bàbá Ṣọ́ọ̀kì pàápàá dá mi dúró lójú ọ̀nà ọjà. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ ìdí tí mo fi fún ẹkún ní ohùn orin? Kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé eré ni, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹkún tòótọ́ lè ní àyè tirẹ̀." Mo wo aṣọ rẹ̀ tó gbó. Mo ní, "Bàbá, ìgbà tiyín ti lọ." Ó ní kò burú, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Èmi tí wọ́n kọ́ ní ilé ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a ṣeré. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi kànga wa lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ ló kù, Àkànní sì fẹ́ kó o. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń bá a di okùn mú kò sí nílé, mo ní èmi yóò di í mú. A ti fi pákó bo kànga náà fún ọjọ́ mélòó kan nítorí eruku, àwa kò sì mọ̀ pé èyí léwu. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, a fi okùn náà yí ìdí igi ọsàn lẹ́ẹ̀kan, mo di orí okùn náà mú. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ara kànga, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọrin. Kò pẹ́ tí orin náà fi dákẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, òòyì ń kọ́ mi. Fà mí." Mo ń fà, ó ń gùn. Mo rí orí rẹ̀, mo rí ìyẹ̀fun pákó nínú irun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí, ó sì fì sórí okùn bí aṣọ tí wọ́n sá.

Mo ké. "Ẹ gbà mí o! Àkànní ń kú lọ! Àkànní ọkọ mi o! Ẹ gbà mí!" Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin. Mo gbọ́ tí àpótí ìjókòó ń wọ́ lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ Ìyá Rábì tó ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀!" Mo ké títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi fẹ́ ya, okùn ń gé mi lọ́wọ́, mo ní, "Ìyá Rábì, kì í ṣe eré o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kì í ṣe eré!" Ẹ̀rín ni mo gbọ́. "Yéè! Èyí tó fi kún un yìí dùn jù!" Wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè so okùn mọ́ igi kí n sáré jáde. Bí mo bá dẹwọ́ díẹ̀ báyìí, okùn a yọ̀, òun náà a sọ̀ kalẹ̀ sí i. Àti pé mo ń retí wọn. Àwọn obìnrin yìí kan náà ló gbéra nílé, tí wọ́n sun ìta síwájú ààfin, nítorí pé wọ́n jẹ ẹlòmíràn níyà. Ta ni kì í retí irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà pàápàá. Nígbà tí mo ń ké, tí okùn wà lọ́wọ́ mi, tí ọkọ mi ń fì nínú kànga, mo gbọ́ ohùn ara mi. Ọkàn mi sì sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an. Èyí ni Tísà Bọ́mà ń wá." Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n ó wáyé. Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, tí yóò jókòó sínú ènìyàn láti máa gbé ẹkún rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ ń wó? N kò lè dárí ìṣẹ́jú àáyá yẹn ji ara mi. N kò sì lè dárí rẹ̀ ji ẹni tó gbìn ín sí mi lọ́kàn.

Nígbẹ̀yìn, mo so okùn náà mọ́ igi, n kò mọ bí mo ṣe so ó, mo sì sáré jáde. Nígbà tí àwọn obìnrin náà rí mi, wọ́n dìde. "Ó ti gbé e jáde síta! Ìyàwó wa, o ò ní í pa wá!" Ìyá Rábì ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí àtẹ́lẹwọ́ mi tí okùn ti bó. Òun ló wá ké. Ẹkún tirẹ̀ kò ní olùkọ́, kò sì lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n kí ó tó mí èémí kejì, ọkùnrin mẹ́fà ti sáré dé láti apá rélùwéè. Wọ́n fa Àkànní jáde. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Dókítà ní afẹ́fẹ́ burúkú ló wà nísàlẹ̀ kànga, ó sì ní ká ní wọ́n tètè fà á jáde ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kí ló kù tó fẹ́ parí?

N kò sunkún níbi ìsìnkú. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé, nítorí mo mọ̀ pé gbogbo wọn ni yóò gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mo ti fi ẹnu ara mi pe ikú wá sílé. Ìbá wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀! Bí ikú ló gbọ́ mi, n ó mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló gbọ́ mi, tí kò sì dìde. Ìyá Rábì kò pa aró mọ́ lẹ́yìn ògiri wa. Ó kó ìkòkò rẹ̀ lọ sí Adígbè, kò lè wò mí lójú, n kò sì bínú sí i. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì wá kí mi. Ó jókòó lórí ẹní, ó sunkún, ikun ń jáde ní imú rẹ̀ bí ọmọdé. Kò káwọ́ lérí, kò sì ka ohunkóhun.

Báyìí, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ eré náà, tí wọn kò ṣe mọ́ ní Àjíǹde, fún ìdúpẹ́ ìkórè. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n fún ní ipa opó, Morẹ́nikẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, Tísà Bọ́mà ní kí ẹ kọ́ mi ní ẹkún yẹn." Mo bi í pé ta ló ń pa lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ni, mà." Ìyá rẹ̀ wà láàyè ní Odẹ̀dá, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Mo ní kí ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ bá Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, ó ṣì wà. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà fi ẹ̀kọ́ bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, mà."

Mo gbéra, mo lọ sí gbọ̀ngàn. Mo bá Tísà Bọ́mà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé obìnrin kan wà ní ìlú yìí tí ẹkún rẹ̀ péye tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ kò mọ èyí tí í ṣe òótọ́, pé ibi tí ẹ̀kọ́ parí sí nìyẹn. Ikú ọkọ mi ló ń fi yangàn! Mo là wọ́n kọjá. Mo ní, "Tún un sọ. Mo ní kí o tún un sọ, ìwọ apànìyàn!" Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Mo rò pé ojú yóò tì í. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," ó ní. "Ẹ wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ṣé ẹ rí i pé kò ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta?"

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Àwọn yòókù sì bá a pàtẹ́wọ́.

Àwọn àgbà ìjọ ti ránṣẹ́ sí mi pé mo pe ènìyàn ní apànìyàn nínú ilé Ọlọ́run, kí n wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá sì lọ, tí mo dúró níwájú ìjọ tí mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe eré? Ìwé ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ìwé kò ní ohùn tí ẹnikẹ́ni lè pàtẹ́wọ́ fún.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí n kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gbọ́ ẹkún lẹ́yìn ògiri yín, ẹ má jókòó máa wọ̀n ọ́n wò. Ẹ má sọ pé ó dùn, ẹ má sọ pé tàná sàn jù. Bí ẹ tilẹ̀ ti gbọ́ ọ ní ogójì ìgbà, tó sì jẹ́ eré ní gbogbo ogójì, ẹ dìde, ẹ lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ bá a pé eré náà ni, ẹ bú ẹni náà dáadáa, kí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.